Akọ̀ròyìn dúdú tí àwọn apààyàn rò pé òyìnbó bíi tiwọn ni: ta ló ti ka Incognegro?

Àkànjí_Mókọ́lá
Ọjọ́ Ẹtì, 11:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti Chicago dé lọ́sẹ̀ tó kọjá fún mi ní ìwé ìtàn aláwòrán kan, Incognegro ni wọ́n pè é. Mat Johnson ló kọ ìtàn rẹ̀, Warren Pleece ló yàwòrán rẹ̀, 2008 ló kọ́kọ́ jáde. Mo ní kí n kàn ṣí i wò kí n tó sùn. Wọ́n ti mú iná lọ, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kà á títí fóònù fi kú, mo wá lọ tan àtùpà.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn. Èrò pé jọ bí ẹni wá sóde àríyá. Wọ́n mú ọkùnrin dúdú kan wá, wọ́n fẹ́ so ó rọ̀. Onífọ́tò ti gbé kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú ìwé àti gègé dání, ó ń gba orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn èèyàn kí wọ́n lè fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn tó bá jáde. Wọ́n ń dárúkọ ara wọn fún un tọ̀yàyà tọ̀yàyà. Wọn ò mọ̀ pé akọ̀ròyìn ni láti Harlem ní New York, pé ọmọ dúdú ni, pé inú ìwé ìròyìn ni gbogbo orúkọ tó ń kọ yẹn ń lọ.

Zane Pinchback lorúkọ rẹ̀ nínú ìtàn. Àwọ̀ rẹ̀ funfun débi pé kò sẹ́ni tó rí i tí kò ní pè é ní òyìnbó. Ìgbà tó ní iṣẹ́ náà ti sú òun ni wọ́n sọ fún un pé ọmọ ìyá rẹ̀ wà látìmọ́lé ní Tupelo, ní Mississippi, wọ́n ní ó pa obìnrin òyìnbó kan. Mi ò ní sọ ìyókù, ẹ lọ kà á.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé: ṣé irú èyí ṣẹlẹ̀ rí, àbí òǹkọ̀wé ló rò ó? Báwo sì ni ọmọ dúdú ṣe máa dúró sáàárín òyìnbó, ní ọ̀sán gangan, tí wọn ò ní dá a mọ̀?

ÌyáÌbejì_Atlanta
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:05 òru

Àkànjí, ó ṣẹlẹ̀ o. Ìlú tí mò ń gbé yìí ni wọ́n sì ti bí ẹni tó ṣe é. Walter White lorúkọ rẹ̀, 1893 ni wọ́n bí i. Irun rẹ̀ pọ́n, ẹyinjú rẹ̀ ní àwọ̀ ojú sánmà. Bàbá rẹ̀ ń pín lẹ́tà nílé ìfìwéránṣẹ́. Ọmọ dúdú sì ni, bàbá rẹ̀ dúdú, ìyá rẹ̀ dúdú, ní ti ìwé ìjọba àti ní ti ọkàn tiwọn fúnra wọn.

Mo mọ̀ pé èyí á rú ẹni tó wà nílé lójú. Láyé ẹrú, olówó á fi agbára bá ẹrúbìnrin rẹ̀ lò. Ọmọ tó bá bí, ẹrú ni, torí òfin ní ipò ìyá ni ọmọ ń jogún. Bí ọmọ yẹn bá jẹ́ obìnrin, tó dàgbà, wọ́n á tún ṣe é bẹ́ẹ̀. Tó bá di ìran kẹta, ìran kẹrin, ọmọ á ti funfun tán, ẹrú náà ló ṣì jẹ́. Nígbà tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú, wọ́n ní ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ dúdú kan ṣoṣo tó láti mú èèyàn kúrò nínú òyìnbó. Virginia tiẹ̀ fi sínú ìwé òfin ní 1924.

Ẹ wo Homer Plessy ní New Orleans. Nínú àwọn mẹ́jọ tó bí àwọn òbí tó bí àwọn òbí rẹ̀, méje ló jẹ́ òyìnbó. Ní 1892 ó jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òyìnbó, nítorí ẹgbẹ́ kan fẹ́ gbé òfin tó ya ìjókòó dúdú àti ti òyìnbó sọ́tọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Àfi ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ sọ pé dúdú lòun kí wọ́n tó mú un! Ojú kò lè rí i. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì dá a lẹ́bi ní 1896.

Padà sí Walter. Oṣù kẹsàn-án 1906, ó jẹ́ ọmọ ọdún 13. Àwọn ìwé ìròyìn Atlanta ti ń gbé ìròyìn jáde lórí ìròyìn pé ọkùnrin dúdú ń kọlu obìnrin òyìnbó, ìlú gbiná. Wọ́n ń pa dúdú ní ìgboro. Ó kọ ọ́ nígbà tó dàgbà pé òun àti bàbá òun dúró nídìí fèrèsé nínú òkùnkùn, wọ́n mú ìbọn dání, wọ́n ń gbọ́ tí èrò ń bọ̀ láti wá sun ilé wọn. Bàbá ní kó má yìn ín títí ẹni àkọ́kọ́ á fi tẹ koríko iwájú ilé. Èrò náà yà lójú ọ̀nà, wọn ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ní òru ọjọ́ yẹn ni òun mọ irú ẹni tí òun jẹ́.

Ọ̀nà tí mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ kò jìnnà sí àdúgbò tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Mo máa ń rántí fèrèsé yẹn.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:20 àárọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, ó ṣì rú mi lójú. Ní tiwa, àfín funfun ju òyìnbó lọ, irun rẹ̀ pọ́n, kò sì sẹ́ni tó máa wí pé kì í ṣe ọmọ Láṣọrẹ́ nílé kejì. Apọ́nbéporẹ́ náà, a kàn ń kì í fún ẹwà ni.

ÌyáÌbejì_Atlanta
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:51 àárọ̀

Ìyẹn gan-an ni, ọmọ mi. Lọ́dọ̀ wa, ilé tí wọ́n ti bí ọ ni à ń wò kí a tó wo ara. Níbí, ara ni wọ́n ń sọ pé àwọn ń wò, ṣùgbọ́n nígbà tí ara bá ti tàn wọ́n jẹ, wọ́n á sáré lọ wo ilé.

Tíṣà_Ìtàn_Ọ̀yọ́
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:33 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ n gbà á lẹ́nu yín, torí ibi tó dùn mí jù nínú ìtàn ọkùnrin yìí ni ti ìlú Elaine.

1918 ló dara pọ̀ mọ́ òṣìṣẹ́ NAACP ní New York, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn dúdú. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì nídìí iṣẹ́ tí wọ́n fi dáná sun ọkùnrin dúdú kan, Jim McIlherron, láàyè ní Estill Springs, Tennessee. White ní òun á lọ. Ó dé ibẹ̀ bí oníṣòwò òyìnbó tó ń rìnrìn àjò, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ òwú. Kò béèrè nǹkan kan. Àwọn fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ohun tí wọ́n ṣe. Títí ó fi dẹ́kun iṣẹ́ yìí, ìpànìyàn 41 ló wádìí báyìí àti ìkọlù ìgboro mẹ́jọ.

Elaine wá ṣẹlẹ̀ ní 1919, ní Phillips County, Arkansas. Àwọn àgbẹ̀ dúdú ń gbin òwú lórí ilẹ̀ òyìnbó. Onílẹ̀ ló ń ta oúnjẹ àti aṣọ fún wọn láwìn, òun náà ló ń wọn òwú, òun náà ló mú ìwé gbèsè lọ́wọ́. Ẹ lè rò ó, ọdún wo ni gbèsè yẹn fẹ́ tán? Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè gba lọ́yà. Lálẹ́ 30 oṣù kẹsàn-án, wọ́n ń ṣèpàdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Hoop Spur nígbà tí mọ́tò àwọn òyìnbó kan dúró síta. Ìbọn dún, òyìnbó kan kú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn olóhun ìjà ya wọ inú oko láti ìlú gbogbo, ìjọba kó sójà dé. Òyìnbó márùn-ún ló kú lápapọ̀. Ní ti dúdú, àwọn òpìtàn kan ní ọgọ́rùn-ún, àwọn mìíràn ní wọ́n lé ní igba dáadáa. Ohun tí ìwé ìròyìn gbé jáde ni pé dúdú ló dìtẹ̀ láti pa òyìnbó run. Wọ́n dájọ́ ikú fún ọkùnrin dúdú 12, ìgbìmọ̀ kò sì lò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ kí wọ́n tó pinnu.

White gba ìwé ẹ̀rí akọ̀ròyìn lọ́dọ̀ Chicago Daily News, ó gba ọ̀dọ̀ gómìnà Arkansas lọ tààrà, Charles Brough. Inú gómìnà dùn pé akọ̀ròyìn láti òkè ọ̀hún tún fẹ́ gbọ́ tẹnu tiwọn. Ó kọ lẹ́tà fún un pé kí wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ níbi gbogbo, ó sì fún un ní fọ́tò ara rẹ̀ tó fọwọ́ sí.

Ó wá dé ìlú Helena. Ó ń rìn lọ lójú pópó, ọkùnrin dúdú kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kó máa tẹ̀lé òun. Ìgbà tí wọ́n kúrò lójú èrò ló sọ fún un pé òun ò mọ ẹni tó jẹ́, ṣùgbọ́n òun gbọ́ tí wọ́n ń wéwèé láti mú un. White gba ojú irin lọ sí ibùdókọ̀, ó bọ́ sínú rélùwéè. Ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ní kí ló dé tó fi ń lọ nígbà tí eré ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ó ní dúdú kan wà níbẹ̀ tó ń pe ara rẹ̀ ní òyìnbó, àwọn ọmọkùnrin ìlú sì fẹ́ mú un. White ní kí ni wọ́n máa ṣe fún un? Ó ní bí wọ́n bá ṣe é tán, kò tún ní lè pe ara rẹ̀ ní òyìnbó mọ́ láéláé.

Ó jókòó síbẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ. Ẹ rò bí àyà rẹ̀ á ti máa já.

Àkànjí_Mókọ́lá
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:58 àárọ̀

Bàbá Tíṣà, ara mi bù máṣọ. Ọkùnrin dúdú tó kìlọ̀ fún un yẹn, kò mọ̀ ọ́n rí, síbẹ̀ ó gbé orí ara rẹ̀ lé ọwọ́. Ṣé orúkọ tiẹ̀ wà nínú ìwé kankan?

Tíṣà_Ìtàn_Ọ̀yọ́
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:10 àárọ̀

White kò dárúkọ rẹ̀ nínú ìtàn tó kọ. Bó bá dárúkọ rẹ̀ ni, ikú ló fi pè é.

Dèlé_Akọ̀ròyìn
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:27 ọ̀sán

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo mọ̀.

Wọ́n kọ́ wa níléèwé pé akọ̀ròyìn kò gbọ́dọ̀ purọ́ irú ẹni tó jẹ́, àfi tí ọ̀rọ̀ náà bá kan ẹ̀mí èèyàn tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn. Tí White bá wọ Estill Springs, tó ní láti NAACP lòun ti wá, òkú rẹ̀ ni wọn ì bá gbé padà. Nítorí náà, ọkàn mi kò dá a lẹ́bi. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni pé irọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Nínú àpilẹ̀kọ tó gbé jáde nínú American Mercury lóṣù kìíní 1929, ó ṣàlàyé pé àwọn apààyàn wọ̀nyí kò lè pa ẹnu mọ́. Èèyàn tó bá fi etí sílẹ̀ díẹ̀ báyìí, wọ́n á sọ tán. Wọ́n ń fi ṣe fáàrí ni. Wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n ní tiwa nìyí, wọ́n tú gbogbo àṣírí kalẹ̀.

Ó ti ṣe mí rí. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn mo wọ ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan bíi lébìrà, nítorí a gbọ́ pé wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lóru. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀. Ìgbà tó di alẹ́ ọjọ́ kẹrin, ọ̀gá tó ń mójú tó wa ń ṣẹ̀fẹ̀ lórí ọmọ kan tí ẹ̀rọ ìpòyẹ̀fun gé ìka rẹ̀ méjì. Ó ń ṣe bí ọmọ náà ṣe pariwo. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ẹni tí kò bá rín in ni wọ́n máa wò.

Ìròyìn náà jáde, ó ṣe iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ṣì wà lára mi. Nígbà tí mo rò ó pé 41 ni White ṣe, pé àwọ̀ ara rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀, tó ní láti máa mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, mo gbé ọwọ́ lé àyà.

Ọlọ́wọ́_Àwòrán
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:14 ọ̀sán

Ayàwòrán ni mí, ojú iṣẹ́ ni mo fi ka ìwé náà. Dúdú àti funfun nìkan ni Pleece lò ní ẹ̀dà 2008. Kò sí àwọ̀ pupa, kò sí búráùn. Ẹ wá wò ó dáadáa: ara òyìnbó, ojú bébà ni. Ara Zane, ojú bébà kan náà ni. Ìlà yíǹkì ló yí gbogbo wọn ká bákan náà. Ìwọ tó ń kà á, bí wọn ò bá sọ fún ọ, o ò lè mọ̀. Ojú tìrẹ náà ti di ojú àwọn ará Tupelo.

Ibì kan wà tó ti dúró síwájú dígí, tó ń tún irun rẹ̀ ṣe kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́ yẹn. Mo ti ya irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ wò, mo fẹ́ mọ ibi tí ìyàtọ̀ wà. Imú ńkọ́? Ètè ńkọ́? Mo yà á títí, mo rí i pé ìyàtọ̀ kò sí nínú yíǹkì. Inú ọkàn ẹni tó ń wò ó ni ó wà.

Ìgbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní 2018, wọ́n fi àwọ̀ eérú kún un. Ó rẹwà o, òjìji wọ inú òru dáadáa. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́. Níbi tí kò ti sí eérú, kò síbi tí ojú lè sá sí.

Abíọ́nà_Houston
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará, mo bọ̀wọ̀ fún White, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí á gbàgbé àwọn tó wọ inú òyìnbó tí wọn ò padà wá mọ́. Wọ́n pọ̀. Èèyàn á ṣí kúrò nílùú, á yí orúkọ padà, á fẹ́ òyìnbó, kò ní yọjú sílé mọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá kọjá lójú pópó, á wojú ilẹ̀. Bí ìyá bá kú, kò ní wá sin ín, torí àwọn tó máa wá síbi òkú á tú u fó. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Yorùbá, ọmọ tó sẹ́ ìyá rẹ̀ láàyè, mi ò mọ orúkọ tí mo lè fún un.

ÌyáÌbejì_Atlanta
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:02 alẹ́

Abíọ́nà, òótọ́ lẹ sọ, ó sì dun àwọn tó ṣẹ́kù sílé. Àmọ́ mi ò lè dá gbogbo wọn lẹ́bi. Ní oṣù kejìlá 1848, Ellen Craft, ẹrúbìnrin ní Macon níbí ní Georgia, gé irun rẹ̀, ó wọ ṣòkòtò, ó di ọ̀gá òyìnbó ọkùnrin tó ń ṣàìsàn. Ọkọ rẹ̀ William ṣe bí ẹrú rẹ̀. Ó fi aṣọ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọ́ ọrùn kí wọ́n má baà ní kó bu ọwọ́ lùwé ní hòtẹ́ẹ̀lì, torí kò mọ̀ ọ́n kọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi dé Philadelphia. Ṣé ẹ máa pe ìyẹn ní ìtìjú?

White fúnra rẹ̀ lè lọ. Kò sí ohun tó dá a dúró. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá rẹ̀ ní 1931. Mọ́tò gbá a níbí ní Atlanta, wọ́n gbé e lọ sí Grady Hospital, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n gbé e sí apá ti òyìnbó, ibi tó mọ́ tónítóní, dókítà yí i ká. Àna rẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú wá wá a. Wọ́n béèrè pé kí ni ẹ jẹ́ sí i. Ó ní bàbá ìyàwó mi ni. Nínú òjò ni wọ́n gbé bàbá àgbàlagbà yẹn lórí ibùsùn, wọ́n gbé e sọdá títì lọ sí apá ti dúdú. Ibẹ̀ ló kú sí. Ọdún yẹn náà ni ọmọ rẹ̀ di akọ̀wé àgbà NAACP, ó sì wà níbẹ̀ títí ikú fi mú un ní 1955.

Gbàdà_Gbàdà
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:15 alẹ́

Ìtàn dára, ṣùgbọ́n kí ló dé tí a fi ń sunkún Amẹ́ríkà? Nílé níbí, bí wọ́n bá pariwo olè lọ́jà, kó tó di pé ọlọ́pàá dé, táyà ti wà lọ́rùn ẹni náà. A kì í béèrè orúkọ.

Tíṣà_Ìtàn_Ọ̀yọ́
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:58 alẹ́

Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ, mi ò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Mo ti rí i lójú mi rí, mi ò sì ní gbàgbé òórùn rẹ̀. Ẹ̀mí ni ẹ̀mí.

Síbẹ̀, wo ìyàtọ̀ yìí. Èrò ọjà á fọ́n ká tí wọ́n bá pa èèyàn tán, ẹnikẹ́ni kò ní gbà pé òun wà níbẹ̀. Àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí dúró kí wọ́n yà wọ́n ní fọ́tò. Wọ́n tẹ fọ́tò náà sórí káàdì, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí. Láti 1882 sí 1968, ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee ka èèyàn 4,743 tí wọ́n pa báyìí, 3,446 nínú wọn jẹ́ dúdú. Nígbà tí òyìnbó kọlu àdúgbò dúdú ní Tulsa, ní Oklahoma, ní 1921, White wà láàárín àwọn tí ìjọba ìlú fún ní àṣẹ ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀, torí wọ́n rò pé òyìnbó ni. Ẹnì kan sọ fún un pé ó lè jáde báyìí kó yìnbọn fún dúdú tó bá wù ú, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin! Àbá òfin bí igba ni wọ́n gbé lọ síwájú ilé aṣòfin wọn láti fòpin sí i, 2022 ni ẹyọ kan tó wọlé, wọ́n fi orúkọ Emmett Till, ọmọkùnrin dúdú kan tí wọ́n pa, pè é.

Ìdí nìyẹn tí orúkọ tí Zane ń kọ sínú ìwé rẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Ilé ẹjọ́ máa ń kọ pé "àwọn tí a kò mọ̀" ló pa á. Gbogbo ìlú sì mọ̀ wọ́n.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú
Ọjọ́ Àìkú, 6:55 àárọ̀

Ẹ̀yin àgbà, kí ni a máa pe ohun tí White ń ṣe yìí ní Yorùbá? Mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún màmá mi, ọ̀rọ̀ ò dọ́gba lẹ́nu mi.

Dèlé_Akọ̀ròyìn
Ọjọ́ Àìkú, 8:30 àárọ̀

Mo ti lo "afarapòyìnbó" rí nínú àpilẹ̀kọ kan. Olóòtú mi ní ó dà bí ẹni tó ń sín òyìnbó jẹ. Òótọ́ ni.

Tíṣà_Ìtàn_Ọ̀yọ́
Ọjọ́ Àìkú, 9:04 àárọ̀

A ti ń pe ọmọ wa tó kàwé, tó wọ kóòtù, ní òyìnbó dúdú tipẹ́, ìwà la wò. Ti White kò rí bẹ́ẹ̀. Kò fara pe nǹkan kan. Ó kàn dákẹ́ ni, wọ́n ní òyìnbó ni, kò jiyàn. Lójú tèmi, "ó jẹ́ kí wọ́n pe òun ní òyìnbó." Ó gùn, ṣùgbọ́n màmá rẹ á gbọ́ ọ.

Adùnní_Ìwé
Ọjọ́ Àìkú, 2:19 ọ̀sán

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ka gbogbo rẹ̀ láti òkè. Ẹ kú làálàá. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ obìnrin tó lọ wádìí ọ̀rọ̀ Elaine lẹ́yìn White, tí kò ní awọ funfun kankan láti fi bojú.

Ida B. Wells. Ní 1892, wọ́n pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ Thomas Moss ní Memphis pẹ̀lú àwọn méjì míì, nítorí ìsọ̀ wọn ń gba oníbàárà lọ́wọ́ òyìnbó. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ láìfi bò. Wọ́n fọ́ ilé ìtẹ̀wé rẹ̀, wọ́n ní bó bá padà, pípa ni. Ọgbọ̀n ọdún súnmọ́ kó tó tún gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ gúúsù, àwọn ọkùnrin 12 tí wọ́n fẹ́ pa yìí ló sì tìtorí wọn padà.

Báwo ló ṣe wọlé? Ó dara pọ̀ mọ́ ìyàwó àti ìyá àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó ń lọ kí wọn ní Little Rock. Wọ́n sọ fún wọ́dà pé ìbátan àwọn láti St. Louis ni. Wọ́dà kò gbójú sókè. Obìnrin dúdú kan láàárín àwọn obìnrin dúdú tálákà, ta ló ń wo ojú wọn? Àwọ̀ funfun ni White fi wọlé. Àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ka sí ni Ida fi wọlé.

Ó jókòó, ó ń gbọ́ ohun tí ojú wọn rí, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó jáde: iye òwú tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, bí wọ́n ṣe nà wọ́n kí wọ́n tó jẹ́wọ́. Àwọn ọkùnrin náà kọ orin fún un. Orin ikú ni gbogbo rẹ̀, orin pé wọ́n ń lọ bá Olúwa. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán, ó dìde lọ síbi irin, ó fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n yéé kọrin ikú, kí wọ́n gbàdúrà pé kí Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n bó ṣe ṣí i fún Pọ́ọ̀lù àti Sílà.

1923 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ìdájọ́ tí èrò fi ìbínú darí kì í ṣe ìdájọ́. Tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 1925, gbogbo wọn ti jáde. Ọ̀kan nínú wọn wá a dé ilé rẹ̀ ní Chicago, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun wá dúpẹ́. Ó sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé láti ọjọ́ tó ti bá àwọn sọ̀rọ̀ yẹn, àwọn ò kọrin ikú mọ́.

Dèlé_Akọ̀ròyìn
Ọjọ́ Àìkú, 2:41 ọ̀sán

Arábìnrin Adùnní, ẹ ṣeun. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jáde lọ dúró síta díẹ̀.

Àkànjí_Mókọ́lá
Ọjọ́ Àìkú, 9:30 alẹ́

Mo ti tún ìwé náà ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ojú Zane ni mò ń wò. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó ń dárúkọ ara wọn fún un ni mo wò, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn tó fẹ́ yá a, kó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún mi. Ọmọ_Ìjẹ̀bú ló kọ́kọ́ béèrè, tìrẹ ni yóò kọ́kọ́ lọ. Tí o bá ń ka ojú ìwé àkọ́kọ́ fún màmá rẹ, jọ̀wọ́, fi ọwọ́ bo àwòrán rẹ̀ títí wàá fi ṣàlàyé tán.